Ọdún Gómìnà àti Kátápílà

Ohun tó máa ń jí wa nílé wa ní Okokomaiko nígbà náà kì í ṣe àkùkọ, ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà ni. Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n. Láti Èkìtì ni wọ́n ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọn kò sì gbà pé ẹnikẹ́ni nínú wa mọ ilẹ̀ gbá. Bí ìgbálẹ̀ bá dákẹ́, garawa á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri kànga, rédíò Dádì á máa sọ̀rọ̀ nínú balùwẹ̀, Mọ́mì á sì máa pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tíṣà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé, ohùn odó ló máa ń borí gbogbo rẹ̀. Iyán ni oúnjẹ Sátidé, Bọ̀dá Gbénga ló sì ń gún un. Àbúrò Mọ́mì ni Bọ̀dá Gbénga. Ìyá wọn ti kú kí ó tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, Mọ́mì ló tọ́ ọ, tó sì mú un dání wọ ilé ọkọ. Kì í fẹ́ ká fi “ẹ” bá òun sọ̀rọ̀, ó ní irùngbọ̀n òun kò tíì kún tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀. “Má lù ú bí ẹni ń pa ejò, àna mi. Iyán ò fẹ́ ìbínú.” Bọ̀dá Gbénga á ní, “Ìyá, ebi ló ń pa mí, ìbínú kọ́.”

Irọ́ ni, ìbínú wà ńbẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Bọ̀dá Gbénga ti fi yunifásítì sílẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó lọ ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ta ẹ̀rọ fídíò ní ọjà Àlàbá. Yunifásítì kan náà tí Dádì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé ni. Dádì kò pariwo, wọn kò sì lé e jáde. Wọ́n kàn dẹ́kun bíbá a sọ̀rọ̀ ni. Bó bá kí wọn láàárọ̀, wọ́n á ní “Òo.” Bó bá kí wọn nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún ní “Òo.” Ìyá Àgbà gbìyànjú lọ́jọ́ kan lórí oúnjẹ. Wọ́n ní, “Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ìwọ ọmọ yìí.” Dádì fi omi ṣan ọwọ́, wọ́n ní, “Yèyé mi, ọjà kọ́ la rán an lọ.” Mọ́mì dìde, wọ́n lọ sí ilé ìdáná, wọn kò sì tètè padà. Nígbà tó yá, Bọ̀dá Gbénga sọ fún wọn pé òun ti rí yàrá kan ní Ajangbadi, bí ọyẹ́ bá dé, òun á kó lọ. Kì í ṣe kíkó lọ náà ló ń dun Mọ́mì. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ fún Ìyá Àgbà níbi tí àwọn méjèèjì ti ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà. “Bó bá fi ìbínú jáde nílé yìí, Ìyá, kò ní padà wá mọ́. Mo mọ ọmọ tí mo tọ́.”

Ó yẹ kí n sọ bí iṣẹ́ fídíò ṣe rí nígbà náà, nítorí láìsí i, kò sí ìtàn. Tòkunbọ̀ ni àwọn ẹ̀rọ náà, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń kó wọn wá nínú kọ̀ńténà. Nǹkan méjì ló máa ń bá wọn dé. Èkíní ni pé ohùn wọn kì í bá tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa mu. Bí o bá so wọ́n pọ̀, àwòrán á jáde kedere, ṣùgbọ́n ariwo ṣááá bí òjò lórí páànù nìkan lo máa gbọ́, títí ẹnjiníà kan ní Àlàbá á fi tú u, tí á yí ohùn rẹ̀ padà. Èkejì ni pé àwọn òyìnbó máa ń gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ. Ẹni tó ta ẹ̀rọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kì í wo inú rẹ̀ mọ́. Bọ̀dá Gbénga máa ń gbé ẹ̀rọ wálé kí ẹnjiníà tó fọwọ́ kàn án, kó lè mọ̀ bóyá àwòrán rẹ̀ dáa, kásẹ́ẹ̀tì tó bá bá nínú rẹ̀ ló sì fi ń dán an wò. Báyìí la ṣe wo ọjọ́ ìbí ọmọ tí a kò mọ̀, ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń gbin òdòdó, àti ìgbéyàwó kan tí ọkọ ìyàwó ti ṣubú. Báyìí náà ni kíríkẹ́ẹ̀tì ṣe wọ ilé wa, láìsí ohùn, tí ìsàlẹ̀ àwòrán náà sì ń gbọ̀n bí omi tó ń hó, débi pé kò sẹ́ni tó lè ka orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni. Èmi, àbúrò mi Dípọ̀ àti Bọ̀dá Gbénga la wà ní pálọ̀. Àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun wà lórí pápá, ọ̀kan di pátákó mú, òmíràn ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn bí ẹni fẹ́ fò. Dádì ń kọjá lọ sí yàrá wọn, wọ́n sì dúró, ọwọ́ wọn wà lára ilẹ̀kùn. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé wọ́n ti gbá eré yìí nílé ẹ̀kọ́ girama, pé àpá tó wà lágbọ̀n wọn, bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì ló dá a. Bọ̀dá Gbénga kò wẹ̀yìn, àfi bó ṣe béèrè lọ́wọ́ atẹ́gùn pé, “Kí ló dé tí àwọn mẹ́ta yẹn fi lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ eku?” Dádì ní, “Wọ́n ń dúró de àṣìṣe rẹ̀ ni. Bí bọ́ọ̀lù bá fara kan etí báàtì, pátákó ọwọ́ rẹ̀ yẹn, báyìí, ẹ̀yìn ló ń lọ. Bí wọ́n bá mú un kó tó balẹ̀, ó parí fún un.” Bọ̀dá Gbénga yí ọrùn padà. Ọ̀rọ̀ tó gùn jù lọ tí Dádì ti bá a sọ láti oṣù púpọ̀ nìyẹn. Dádì wò ó, wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ní, “Sún síbẹ̀.” Wọ́n jókòó. Mọ́mì yọjú láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, wọ́n rí wọn lórí àga kan náà, wọ́n sì rọra padà sẹ́yìn bí ẹni rí ẹyẹ tí kò fẹ́ kó fò.

Ọkùnrin tó di báàtì mú lọ́jọ́ náà, ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó fi akoto onírin bo orí, a kò rí ojú rẹ̀. Ó ń rìn wọ pápá jẹ́jẹ́, bí ẹni pé gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló wá kí i, Dípọ̀ sì sọ ọ́ ní Gómìnà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ju bọ́ọ̀lù sí i, ìwà jẹ́jẹ́ tán. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń gbá irú eré aláṣọ funfun yẹn, ọ̀gbẹ́ni yìí sì ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ fi í sílẹ̀. Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, Bọ̀dá Gbénga bá kásẹ́ẹ̀tì mìíràn nínú ẹ̀rọ mìíràn. Aṣọ aláwọ̀ ni wọ́n wọ̀ nínú eléyìí, bọ́ọ̀lù wọn funfun, ọjọ́ kan péré ni wọ́n sì fi ń parí rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì kan wà níbẹ̀ náà, tòun ti akoto, aṣọ rẹ̀ yẹ́lò láti òkè délẹ̀. Bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, ńṣe ló dà bí àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń wó ilé nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà Badagry. Bọ̀dá Gbénga pa igbe, “Kátápílà!” Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Láti ìgbà náà, a kò ní ìrọ̀lẹ́ tó dákẹ́ mọ́. Nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì kò ní ohùn, Dádì àti Bọ̀dá Gbénga ló ń ṣe ohùn rẹ̀ fúnra wọn. Dádì á kọ́kọ́ wú ikọ́, wọ́n á sọ̀rọ̀ láti imú bí òyìnbó orí rédíò. Bọ̀dá Gbénga á máa pariwo bí ẹni ń polówó ẹ̀rọ ní Àlàbá. Àríyànjiyàn wọn kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ: nínú Gómìnà àti Kátápílà, ta ló le jù?

“Gbénga, ẹ̀rù aago ló ń ba Kátápílà rẹ,” Dádì á sọ. “Bọ́ọ̀lù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń kà, ófà kan nìyẹn. Ófà àádọ́ta péré ni ikọ̀ rẹ̀ ní. Kí ló fẹ́ ṣe ju kó máa gbá lọ? Gómìnà ní ọjọ́ márùn-ún níwájú, kò sẹ́ni tó ń lé e. Ó lè jókòó tì í. Síbẹ̀ ó wo ajùbọ́ọ̀lù lójú láàárọ̀ kùtùkùtù, ó gbá a kọjá okùn tó yí pápá ká. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ọkàn.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, Gómìnà yín ò lè bá Kátápílà gbé báàgì. Níbi ọjọ́ márùn-ún yín, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn lóṣòó sí, iwájú ṣófo bí ilé ìwé nígbà họlidé. Ta ni ò ní gbá a síbẹ̀? Níbi tèmi, bó bá ti pẹ́ díẹ̀, gbogbo wọn á sá lọ sí etí okùn, wọ́n á na ọwọ́ dè é. Wọ́n mọ̀ pé ó fẹ́ gbá. Ó mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Ó ṣì gbá a sáàárín wọn!”

“Ajùbọ́ọ̀lù tìrẹ kò gbọ́dọ̀ ju kọjá ófà mẹ́wàá. Tèmi lè máa bọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá ń ju bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ṣé kò ní rẹ̀ ẹ́ ni? Ẹni tó ti rẹ̀ ni Gómìnà yín ń lù!”

Ẹ̀rín á bọ́ lẹ́nu Dádì láìròtẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà, tí ń bó ègúsí lórí ẹní, á gbé orí sókè. “Ọjọ́ márùn-ún! Àwọn géńdé wọ̀nyí, ta ló ń bá wọn ro oko?”

Èmi kò dá sí i. Mo ń wò ni. Ibẹ̀ ni àìsàn kíríkẹ́ẹ̀tì ti mú mi, kò sì tíì fi mí sílẹ̀ di òní. Pátákó àpótí ẹ̀rọ ni mo fi ṣe báàtì, kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì ni wíkẹ́ẹ̀tì mi, igi mẹ́ta tí agbábọ́ọ̀lù ń ṣọ́ lẹ́yìn rẹ̀, Dípọ̀ ló ń ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sí mi láti ẹ̀gbẹ́ kànga. Mo gbá ti Gómìnà ní Mọ́ńdè, mo gbá ti Kátápílà ní Túsìdé, mo sì rí i pé ohun tí ara mi ń ṣe yàtọ̀. Bí mo bá ń ṣe Gómìnà, ẹsẹ̀ mi á lọ bá bọ́ọ̀lù kí ọwọ́ tó dé. Bí mo bá ń ṣe Kátápílà, mo máa ń fa ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà kí ọwọ́ lè rí àyè fì. Mo ti wo eré yìí lóríṣiríṣi láti ìgbà náà, títí kan ti oníwákàtí mẹ́ta tó gbòde nísinsìnyí, tí ófà rẹ̀ kò ju ogún lọ, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn náà ni mo sì ń wò ṣáájú ohun gbogbo. Bí àkókò bá ṣe kéré tó ni ẹsẹ̀ ń dín kù tó, tí apá ń pọ̀ sí i.

Ìrọ̀lẹ́ kan ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Bọ̀dá Gbénga ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. Dádì ní, jẹ́jẹ́, “Àwọn kan wà tí wọn kì í lè dúró dé ọjọ́ karùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá wọn.” Gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò wà lórí pápá mọ́. Bọ̀dá Gbénga yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó fi síbi tó yẹ, ó ní, “Ó dàárọ̀, ẹ̀gbọ́n,” bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò tíì ṣú. Mọ́mì fi orúkọ mi pe ọkọ wọn, “Dádì Fọlákẹ́,” wọn kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì, Bọ̀dá Gbénga kéde pé wọ́n ti ń kun yàrá Ajangbadi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun á lọ. Ó ṣì ń bá Dádì wo kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣì ń jiyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ bí ẹni ń rìn lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kíríkẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù láàárín wọn.

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo rí ohun tí mi ò fẹ́ rí. Mò ń wo Gómìnà fún ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, mo wá rí ọwọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù sí i, á fi ọwọ́ ọ̀tún fa apá ẹ̀wù òsì rẹ̀ sókè bí ẹni tí ẹ̀wù fún mọ́, á wá fi etí báàtì kan orí bàtà. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì Kátápílà sí i. Ó fa apá ẹ̀wù sókè, ó fi etí báàtì kan orí bàtà. Inú mi kọ́kọ́ dùn bí ẹni rí wúrà, lẹ́yìn náà ni àyà mi já. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, àríyànjiyàn tán. Bí àríyànjiyàn bá tán, kí ni Dádì àti Bọ̀dá Gbénga máa máa sọ? “Òo” náà ló kù. Mo sáré lọ bá Ìyá Àgbà lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń sá èlùbọ́.

“Mo ti mọ̀,” wọ́n ní.

“Ìyá Àgbà! Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Ìrìn rẹ̀. A máa ń pààrọ̀ aṣọ, a kì í pààrọ̀ ìrìn.” Wọ́n yí èlùbọ́ síwá sẹ́yìn. “Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Bí o bá sọ ọ́ lónìí, kí ni wọ́n máa rí jiyàn lé lórí lọ́la? Gbé atẹ yẹn fún mi.”

Mo pa ẹnu mọ́. Fún ọmọ tó mọ nǹkan tí àgbà kò mọ̀, kò sí ìyà tó jù ú lọ.

Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ ìkólọ, a jẹ iyán tán. Ìyá Àgbà ti sọ pé iyán náà kò dán tó ti tẹ́lẹ̀, Bọ̀dá Gbénga sì ti fèsì pé odó ló mọ̀ pé òun ń lọ. Ó wọ yàrá, ó gbé ẹ̀rọ fídíò kan jáde. “Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n, eléyìí kì í ṣe títà. Tilé yìí ni. Wọ́n ti yí ohùn rẹ̀.” Mọ́mì dúpẹ́, ojú wọn sì ti pọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá ẹ̀rọ náà dé ṣì wà nínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn sì jáde! Ohùn òyìnbó, àtẹ́wọ́, àti ohùn báàtì lára bọ́ọ̀lù, kọ́!, bí ìgbà tí ọmọ odó ba etí odó. Gómìnà ń wọlé nínú aṣọ funfun. Òyìnbó náà pe orúkọ rẹ̀. Dádì na ara sókè. “Ẹ gbọ́! Orúkọ rẹ̀ nìyẹn!” Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. Gómìnà gbá bọ́ọ̀lù títí, ayò rẹ̀ dé ọgọ́rùn-ún, ó ṣí akoto, ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí ojú rẹ̀ nìyẹn: eyín iwájú rẹ̀ gbàyè díẹ̀, irun rẹ̀ rí wúruwùru. Lẹ́yìn náà àwòrán já, ó dúdú, ó tún tàn, nítorí òyìnbó tó ni kásẹ́ẹ̀tì ti gba eré mìíràn lé e. Aṣọ yẹ́lò. Kátápílà ń wọlé. Bọ̀dá Gbénga pàtẹ́wọ́, “Ó kan ọmọ mi!” Òyìnbó náà sì pe orúkọ rẹ̀.

Orúkọ kan náà ni.

Dípọ̀ la ẹnu, mo sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀gbẹ́ni náà fa apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó fi báàtì kan bàtà, ó ṣí akoto kó lè nu òógùn, eyín tó gbàyè yẹn náà ló sì fi rẹ́rìn-ín sí wa. Ìyá Àgbà wú ikọ́ kan tí kò sí ikọ́ nínú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” Bọ̀dá Gbénga sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, “òun náà ni.”

“Mo rí i.”

Òyìnbó inú ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀. Mọ́mì ń wo ojú ọkọ wọn. Dádì fi ọwọ́ pa àpá àgbọ̀n wọn, wọ́n sì béèrè ohun tí kò sẹ́ni tó retí.

“Ta ló yí ohùn ẹ̀rọ yìí?”

“Ní ṣọ́ọ̀bù wa ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Mo ní ta ni.”

Bọ̀dá Gbénga wo ilẹ̀. “Èmi ni. Ẹnjiníà wa ló ń kọ́ mi.”

“Ìwọ. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?”

Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi òun ṣẹ̀sín. Nígbà tó rí i pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ó fà síwájú lórí àga. Ó ní kókó wáyà kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ, tí ìdè kan tí kò ju orí ìṣáná lọ wà láàárín rẹ̀. Ike ni wọ́n fi ń yí i, kì í ṣe irin, nítorí irin á ṣi ohùn náà lọ́nà. Ó ní èèyàn á máa yí i, á máa tẹ́tí, á yí i, á tẹ́tí, títí ohùn á fi yọ láàárín ariwo ṣááá yẹn. Dádì ń gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọmọ ìwé tó mọ ohun tó ń sọ.

“Kíákíá kọ́?” wọ́n béèrè.

“Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Bí èèyàn bá kánjú yí i, ìdè náà á kán sínú rẹ̀. Mo ti jókòó ti ọ̀kan rí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.”

Dádì mi orí, wọ́n mi orí. “Ọjọ́ márùn-ún nìyẹn,” wọ́n ní.

Bọ̀dá Gbénga ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà, Dádì nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. “Pa ohùn yẹn, jàre. Òyìnbó yìí ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ó dáa, ẹnìkan náà ni. Nínú aṣọ wo wá ló ti le jù?”

“Ẹ̀gbọ́n! Ṣé ẹ tún ń béèrè? Yẹ́lò!”

“O ò mọ nǹkan kan.”

Ìyá Àgbà wò mí láti orí ẹní, wọ́n ṣẹ́ ojú kan.

Bọ̀dá Gbénga kó lọ sí Ajangbadi ní ọjọ́ tó ti dá. Géńdé gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Mọ́mì wí, wọ́n sì di ọbẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ rìn lọ, kò sì gbé báàgì lórí. Dádì ló tú búùtù mọ́tò wọn, tí wọ́n kó ìwé ìdánwò àwọn ọmọ yunifásítì kúrò níbẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì jọ ti mátírẹ́ẹ̀sì wọ inú rẹ̀. Ìyá Àgbà pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe á wá gún iyán ní Sátidé. Mọ́tò ṣí. Wíńdò rẹ̀ méjèèjì ló wà ní ṣíṣí. “Bọ́ọ̀lù funfun, ṣé ó ń yí bíi ti pupa ni?” ni mo gbọ́ tí Dádì sọ, Bọ̀dá Gbénga sì dá a lóhùn pẹ̀lú ariwo Àlàbá rẹ̀. Wọ́n yà sí ojú títì, a kò rí wọn mọ́, ṣùgbọ́n a ṣì ń gbọ́ wọn.